Ọyẹ́ Dé: Ẹ Jẹ́ Kí Ara Ọmọ Tuntun Gbóná

Ẹ̀kọ́ tí a mú wá nínú ìwé pélébé yìí jẹ mọ́ ìgbà ọyẹ́. Láti ìparí oṣù kọkànlá títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, atẹ́gùn gbígbẹ máa ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà, yóò sì gbé eruku dání. Ètè á máa là, gìgísẹ̀ á máa sán, ojú ọ̀run á sì ṣú bí ẹni pé èéfín bò ó. Ní Ṣakí, Ìgbòho, Kìṣí, Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin, òtútù ìdájí máa ń mú gan-an. Ní Èkó àti àwọn ìlú etí òkun, kì í fi bẹ́ẹ̀ le, ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, òru ọyẹ́ kì í ṣe ohun tí ọmọ tuntun lè dá fara dà.

Bí òtútù bá mú àgbàlagbà, yóò wọ súẹ́tà, yóò mu ẹ̀kọ gbígbóná, tàbí kí ó lọ yá oòrùn. Ọmọ tí a bí lánàá kò lè sọ pé òtútù ń mú òun. Kò lè fa aṣọ bora. Kò tilẹ̀ lè gbọ̀n bí àgbàlagbà ṣe ń gbọ̀n. Àwa tí a wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni a ó mọ̀ fún un.

Ohun tí a fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin nínú ẹ̀kọ́ yìí kò ju ọ̀kan lọ: ÀYÀ ÌYÁ NI ÀÀRÒ ỌMỌ TUNTUN. Ara ìyá, aṣọ gbígbẹ, fìlà àti ọmú ni a fi ń mú ọmọ gbóná. A kì í fi iná èédú ṣe é.

ÌDÍ TÍ ÒTÚTÙ FI Ń TÈTÈ MÚ ỌMỌ TUNTUN

Nínú ilé-ọmọ, ibi tí ọmọ wà gbóná tọ̀sán tòru, bí 37°C. Nígbà tí a bá bí i, ó bọ́ sínú yàrá tí kò gbóná tó bẹ́ẹ̀, omira sì rin ín láti orí dé ẹsẹ̀. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ kíákíá, ooru ara rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí lọ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni ó fà á.

Èkíní, ọmọ kéré. Ẹ wo ẹ̀kọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pọ́n sínú ewé: á ti tutù nígbà tí èyí tí ó kù nínú ìkòkò ṣì gbóná. Bákan náà ni ara kékeré ṣe ń tètè pàdánù ooru ju ara ńlá lọ.

Èkejì, awọ ara rẹ̀ fẹ́lẹ́, ọ̀rá abẹ́ awọ rẹ̀ kò sì tíì pọ̀. Ti ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta, nítorí pé kò lè gbọ̀n, ọ̀rá pàtàkì kan tí Ẹlẹ́dàá fi sí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ àti àárín èjìká rẹ̀ ni ara rẹ̀ máa ń jó láti fi rí ooru. Ọ̀rá yìí kò pọ̀. Bí ọmọ kò bá rí ọmú mu, agbára yóò tán lára rẹ̀.

Ọ̀nà mẹ́rin ni ooru ń gbà sá kúrò lára ọmọ. Bí ara rẹ̀ bá rin, bí omi náà ṣe ń gbẹ ni yóò máa gbé ooru lọ, bí ó ti máa ń rí lára yín nígbà tí ẹ bá jáde nínú odò. Bí a bá tẹ́ ẹ sórí ohun tí ó tutù, bí irin òṣùwọ̀n tàbí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ sìmẹ́ǹtì, ooru yóò bọ́ sínú nǹkan náà. Bí atẹ́gùn láti ojú fèrèsé tàbí láti ara fáànù bá ń fẹ́ sí i, yóò gbé ooru lọ. Bí ó bá sì sùn sí ẹ̀gbẹ́ ògiri tí ó tutù, ooru yóò máa kúrò lára rẹ̀ lọ síbẹ̀, bí kò tilẹ̀ fara kan ògiri náà.

Ọmọ tí òtútù mú kì í lè fa ọmú dáadáa. Èyí tí kò bá fa ọmú, òtútù yóò túbọ̀ mú un. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wálẹ̀, mímí rẹ̀ yóò di ìṣòro, àrùn yóò sì rí àyè wọlé sí i lára. Ọmọ tí ó ké gbàmù nígbà tí a bí i lè ti ipa bẹ́ẹ̀ bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, kí a sì máa wá ẹni tí ó ṣe é.

ÌMÚRASÍLẸ̀ ALÁBOYÚN

Bí ìgbà ìbímọ yín bá bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ ìmúrasílẹ̀ láti oṣù keje oyún.

Aṣọ ọmọ. Ẹ wá aṣọ òwú mẹ́rin, ó kéré tán: méjì tí a ó fi nu ọmọ, méjì tí a ó fi bò ó. Ẹ wá fìlà méjì, ìbọ̀sẹ̀, ìlédìí tí ó tó pààrọ̀, àti bùláńkẹ́ẹ̀tì kan. Kò di dandan kí wọ́n jẹ́ tuntun. Ìró òwú àtijọ́ tí ó ti rọ̀, tí a fọ̀, tí a sá sóòrùn tí a sì lọ̀, dára púpọ̀, nítorí ó ń fa omi ju aṣọ tuntun lọ.

Káńfọ̀. Ẹ ṣọ́ra fún kóró funfun olóòórùn yìí tí a máa ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má ba aṣọ jẹ́. Láti ọyẹ́ tí ó kọjá ni súẹ́tà àti bùláńkẹ́ẹ̀tì ọmọ ti máa ń wà nínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí a bí pẹ̀lú àìtó ohun kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Ó wọ́pọ̀ láàrin wa, pàápàá lára ọmọkùnrin. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn káńfọ̀ símú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí fọ́. Ibà pọ́njú yóò mú un, ojú àti ara rẹ̀ yóò pọ́n bí ẹni tí a fi àtalẹ̀ pupa kùn. Èyí lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á. Inú ọ̀rá mímọ́ tí a so lẹ́nu ni kí ẹ máa tọ́jú aṣọ ọmọ sí. Aṣọ tí òórùn káńfọ̀ bá ṣì wà lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ fọ̀ ọ́ tí ẹ sì sá a sóòrùn, ẹ má fi wọ ọmọ.

Omi mímu. Atẹ́gùn ọyẹ́ ń gba omi ara lọ láìjẹ́ pé a làágùn. Ẹ máa mu omi léraléra, bí òùngbẹ kò tilẹ̀ gbẹ yín. Bí ìtọ̀ yín bá pọ́n tí ó sì ki, omi tí ẹ ń mu kò tó. Aláboyún tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ SS tàbí SC ní láti ṣọ́ra jù, nítorí òtútù àti àìtó omi lára lè fa ìrora egungun líle fún un. Kí ó wọ aṣọ tí ó nípọn láàárọ̀, kí ó má fi omi tútù wẹ̀, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn ní kété tí ìrora bá bẹ̀rẹ̀.

Eruku àti èéfín. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ bo imú bí eruku bá pọ̀. Ìta gbangba tàbí ilé ìdáná tí ó ní fèrèsé ni kí ẹ ti máa dáná, nítorí èéfín igi kò ṣe ìyá lóore, ó sì lè mú kí ọmọ inú kéré. Bí ikọ́ bá pẹ́ lára yín, tàbí tí èémí yín ń há, ẹ má dúró di ọjọ́ kílíníkì.

Ẹ má sì tìtorí pé ẹ̀fọn dínkù nígbà ọyẹ́ kí ẹ ká nẹ́ẹ̀tì olóògùn kúrò lórí ibùsùn. Ibà kì í gba ìsinmi.

ỌJỌ́ ÌBÍ: IṢẸ́ Ẹ̀YIN AGBẸ̀BÍ

Wákàtí àkọ́kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Ẹ tẹ̀lé ìlànà yìí bí a ti tò ó:

1. Kí ọmọ tó dé, ẹ ti fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà wọlé, kí ẹ sì pa fáànù. Ó yẹ kí yàrá ìgbẹ̀bí gbóná tó 25°C, ó kéré tán. Bí ẹ̀yin tí ẹ wọ aṣọ iṣẹ́ bá ń wá súẹ́tà, ẹ mọ̀ pé yàrá náà tutù jù fún ẹni tí ó ń bọ̀ níhòòhò.

2. Ẹ ti kó aṣọ gbígbẹ sítòsí. A lè fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ wọ́n kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ yẹ̀ wọ́n wò kí wọ́n má baà jó ọmọ.

3. Bí ọmọ bá ti jáde, ẹ gbé e sí ikùn ìyá rẹ̀, kí ẹ sì nù ún gbẹ kíákíá: orí, ojú, ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀. Nínù yìí náà máa ń ta ọmọ jí kí ó ké. Ẹ má wọ́n omi tútù sí ọmọ tí kò ké, kí ẹ má sì gbá a nídìí. Bí kò bá mí lẹ́yìn tí ẹ nù ún tí ẹ sì fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí fi báàgì àti ìbòmú fún un ní afẹ́fẹ́ láàrin ìṣẹ́jú àkọ́kọ́.

4. Ẹ sọ aṣọ tí ó ti rin sẹ́gbẹ̀ẹ́. Aṣọ tútù tí a fi wé ọmọ burú ju àìwé e rárá lọ.

5. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wà níhòòhò lórí àyà ìyá, kí awọ kan awọ. Ẹ dé e ní fìlà, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ àti bùláńkẹ́ẹ̀tì bo àwọn méjèèjì pọ̀. Kí imú ọmọ hàn síta.

6. Bí ọmọ bá ń mí dáadáa, ẹ dúró ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ẹ tó di ìwọ́ rẹ̀ tí ẹ ó sì gé e.

7. Láàrin wákàtí kan, ẹ ran ìyá lọ́wọ́ kí ọmọ lè mú ọmú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún omi ọmú àkọ́kọ́ dànù nítorí pé ó ki tí ó sì pọ́n. Oúnjẹ ni, oògùn ni, òun sì ni epo tí iná inú ara ọmọ fi ń jó.

8. Wíwọn ọmọ lè dúró di ẹ̀yìn wákàtí àkọ́kọ́ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ wọ̀n ọ́n, ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sórí òṣùwọ̀n.

Nínú gbogbo èyí, ẹ má gbàgbé ìyá. Ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀ tí ó rin, ẹ fún un ní ohun gbígbóná mu, kí ẹ sì máa ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

ÌWẸ̀ ỌMỌ: Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN ÌYÁ ÀGBÀ

Nínú agbo ilé wa, ẹ̀yin ìyá àgbà ni ẹ mọ ọmọ wẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò wá láti gba iṣẹ́ yín lọ́wọ́ yín. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Ohun tí a ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má wẹ ọmọ ní ọjọ́ tí a bí i. Ẹ jẹ́ kí ó pé wákàtí 24. Àjọ Ìlera Àgbáyé ni ó fi èyí lélẹ̀, ìdí rẹ̀ sì ni èyí tí a ti ṣàlàyé: ara tí ó rin kì í mú ooru dúró. Bí ìdí pàtàkì kan bá wà tí ìwẹ̀ kò fi lè dúró, kí ó pé wákàtí 6, ó kéré tán.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò sọ, nítorí mo ń gbọ́ ọ nínú ilé tí mo ń bẹ̀ wò: pé bí a kò bá fi kànìnkànìn fọ ọ̀rá funfun yẹn kúrò lára ọmọ lọ́jọ́ kìíní, ara rẹ̀ yóò máa rùn bí ó bá dàgbà. Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rá ìbí kọ́ ni ó ń fa òórùn ara. Òógùn abíyá àti kòkòrò àìfojúrí ní ń fà á, ìgbà tí ọmọ bá sì ń bàlágà ni ó ń bẹ̀rẹ̀. Ààbò ni ọ̀rá funfun náà jẹ́ fún awọ ọmọ, yóò sì wọra fúnra rẹ̀. Ẹ kàn fi aṣọ rírọ̀ nu ẹ̀jẹ̀ tí ó bá wà lára rẹ̀.

Bí ọjọ́ ìwẹ̀ bá pé, ẹ jẹ́ kí oòrùn ti mú ilé kí ẹ tó wẹ̀ ẹ́. Ẹ wẹ̀ ẹ́ nínú yàrá tí a ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kì í ṣe ní ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ omi wò: kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, kí ó má jóni. Ẹ ṣe é kíákíá, ẹ nu orí rẹ̀ gbẹ ṣáájú, ẹ wọ aṣọ fún un lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé e fún ìyá rẹ̀ kí ó fún un lọ́mú. A lè fi òrí díẹ̀ pa ara rẹ̀ kí awọ rẹ̀ má là, ṣùgbọ́n òrí kì í rọ́pò aṣọ. Ẹ má fi ìpara olóòórùn líle tí ó ń ta ni lára pa ọmọ ní àyà tàbí nímú.

NÍNÚ ILÉ: ỌJỌ́ ÀKỌ́KỌ́ TÍTÍ DI OGÓJÌ ỌJỌ́

Yàrá kan náà ni kí ìyá àti ọmọ máa sùn, tọ̀sán tòru. Kí ibùsùn jìnnà sí fèrèsé àti sí ògiri tí ó tutù. Ẹ máa wọ aṣọ fún ọmọ ní ìpele kan tàbí méjì ju èyí tí àgbàlagbà wọ̀ lọ, kí ẹ sì dé e ní fìlà, nítorí orí ọmọ tuntun tóbi sí ìyókù ara rẹ̀, ooru púpọ̀ sì ń gba ibẹ̀ jáde. Ìlédìí tí ó bá ti rin, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kíákíá, àní lóru pàápàá.

Ẹ rántí pé òwúrọ̀ ọyẹ́ àti ọ̀sán rẹ̀ kì í ṣe bákan náà. Òtútù lè mú gan-an láàárọ̀, kí oòrùn sì máa jóni ní agogo méjì ọ̀sán. Bí oòrùn bá ti mú, ẹ bọ́ ìpele kan kúrò. Ọmọ tí a di ní aṣọ jù yóò làágùn, ara rẹ̀ yóò gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ẹ má fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bo ojú ọmọ, kí ẹ má sì to ìrọ̀rí yí i ká, kí èémí rẹ̀ má baà há. Ẹ má gbé ìgò omi gbígbóná tì í. Awọ ọmọ tuntun fẹ́lẹ́. Ohun tí kò jó wa lè bó ọmọ.

Bí ẹ bá ń lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ẹ má fi ìdájí gbé ọmọ tuntun sórí ọ̀kadà. Ẹ dúró kí oòrùn là. Kí ó wà ní àyà yín lábẹ́ aṣọ, pẹ̀lú fìlà àti ìbọ̀sẹ̀.

INÁ ÈÉDÚ NÍNÚ YÀRÁ: EWU TÍ A KÌ Í RÍ

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti máa ń ṣẹlẹ̀. Òru ọyẹ́ ni. Ìyá àti ọmọ ọjọ́ mẹ́ta wà nínú yàrá. Wọ́n ti fèrèsé, wọ́n sì fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tí ó fẹ́ràn wọn gbé àdògán èédú tí ó pọ́n dáadáa wọlé fún wọn. Kò rú èéfín mọ́, nítorí náà ọkàn gbogbo wọn balẹ̀. Yàrá gbóná, oorun gbé wọn lọ. Ilẹ̀ mọ́, ẹnikẹ́ni kò dáhùn nígbà tí a kan ilẹ̀kùn.

Kì í ṣe ọwọ́ ayé. Gáàsì kan tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáìdì ni. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín. Èédú tí ó pọ́n roro tí kò rú èéfín ń tú u jáde lọ́pọ̀lọpọ̀. Bí a bá mí i sínú, yóò lẹ̀ mọ́ apá pupa inú ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó máa gbé afẹ́fẹ́ kiri ara. Agbára tí ó fi ń lẹ̀ mọ́ ọn ju ti afẹ́fẹ́ rere lọ ní ìlọ́po igba àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara ń kú lọ, ẹni náà sì rò pé oorun ni.

Fún aláboyún, ewu rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì. Gáàsì yìí ń gba ibi-ọmọ kọjá sára ọmọ inú, ó sì ń pẹ́ kí ó tó kúrò lára ọmọ ju ti ìyá lọ. Ara ìyá lè yá, kí ọmọ inú rẹ̀ má yè é.

Àmì rẹ̀ ni orí fífọ́, òòyì, èébì àti àárẹ̀. Aláboyún lè rò pé oyún ni, tàbí ibà. Ṣùgbọ́n bí orí bá ń fọ́ ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta nínú yàrá kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná sì wà níbẹ̀, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jáde síta sínú afẹ́fẹ́, ẹ ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má dùbúlẹ̀ kí ó lọ fúnra rẹ̀.

Òfin rẹ̀ nìyí: èédú, igi ìdáná, sítóòfù kẹrosíìnì àti jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ wọ yàrá tí ènìyàn ń sùn. Kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé. Bí ẹ bá fẹ́ fi iná gbóná omi tàbí aṣọ, ìta ni kí ẹ ti ṣe é, kí ẹ gbé omi tàbí aṣọ wọlé, kí ẹ sì fi iná sílẹ̀ níta.

ỌMỌ TÍ Ó KÉRÉ

Ọmọ tí kò tó kílò 2.5 nígbà tí a bí i ni òtútù ń tètè pa jù. Ní ọdún 1978, ní Bogotá, olú-ìlú Kòlóńbíà, ẹ̀rọ tí a ń tẹ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sí kò tó. Dókítà Edgar Rey bẹ̀rẹ̀ sí gbé wọn sí àyà ìyá wọn, bí ẹranko kangaroo ti ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ẹ̀kọ́ yìí tàn ká gbogbo ayé.

Nílẹ̀ wa náà, Ilé-Ifẹ̀ kó ipa nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn kan níbẹ̀ wà lára márùn-ún, ní Gánà, Íńdíà, Màláwì, Nàìjíríà àti Tanzania, tí a ti ṣe ìwádìí kan tí èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2021. Àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn tó kílò 1 ṣùgbọ́n tí kò tó kílò 1.8 ni a wò. Nínú 100 àwọn tí a gbé sí àyà ìyá lójú ẹsẹ̀ lẹ́yìn ìbí, bí 12 ni ó kú kí ó tó pé ọjọ́ 28. Nínú 100 àwọn tí a kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ títí ara wọn fi balẹ̀, bí 16 ni. Ọmọ mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe ohun kékeré lójú abiyamọ.

Bí a ti ń ṣe é nìyí: ẹ wọ ìlédìí, fìlà àti ìbọ̀sẹ̀ nìkan fún ọmọ. Ẹ gbé e dúró ṣánṣán sí àárín ọmú méjèèjì, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká bí ti ọ̀pọ̀lọ́, kí orí rẹ̀ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ fi ọ̀já tàbí ìró dì í mọ́ra ṣinṣin, kí ẹ wá wọ aṣọ yín lé e. Ọmọ wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó bá ṣeé ṣe, lóru pẹ̀lú. Bí ìyá bá fẹ́ wẹ̀ tàbí sinmi, bàbá tàbí ìyá àgbà lè gbé e sí àyà. Ọmọ tí ó kéré gan-an, ilé ìwòsàn ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ èyí, kì í ṣe ilé.

BÍ A ṢE Ń MỌ̀ PÉ ÒTÚTÙ TI MÚ ỌMỌ

Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ, kí ẹ tún kàn án ní ikùn.

Bí méjèèjì bá lọ́ wọ́ọ́wọ́, ó dára.
Bí ẹsẹ̀ bá tutù tí ikùn sì gbóná, òtútù ti ń mú un.
Bí ẹsẹ̀ àti ikùn bá tutù, ewu dé.

Bí ẹ bá ní tẹmómítà, ẹ fi sí abíyá rẹ̀. 36.5°C sí 37.5°C ni ó yẹ kí ó jẹ́. Bí ó bá wà láàrin 35.5°C àti 36.4°C, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ gbé e sí àyà ìyá kí awọ kan awọ, ẹ bò wọ́n dáadáa, ẹ fún un lọ́mú, kí ẹ sì tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí kan. Bí kò bá sunwọ̀n sí i, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn. Bí kò bá tó 35.5°C, ẹ má dúró rárá.

Bákan náà, ẹ má jáfara bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn àmì yìí:

- ọmọ kò fa ọmú mọ́, tàbí kò lágbára láti fà á;
- igbe rẹ̀ kò dún sókè, tàbí ara rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ;
- ó ń mí tó ìgbà 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan, tàbí àyà rẹ̀ ń wọnú bí ó ti ń mí;
- gìrì mú un;
- ara rẹ̀ gbóná jù tàbí ó tutù tí kò gbóná mọ́.

Ẹ má jẹ́ kí ojú pupa tàn yín jẹ. Ojú àti àtẹ́lẹwọ́ ọmọ tí òtútù ti wọ̀ lára lè pọ́n dan bí ti ọmọ tí ara rẹ̀ dá. Ẹ kan ikùn rẹ̀ kí ẹ tó sọ pé ara rẹ̀ le. Ẹ̀yin agbẹ̀bí, ẹ rántí pé ara tútù lè jẹ́ àmì àrùn inú ẹ̀jẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ nìkan.

Ní ojú ọ̀nà ilé ìwòsàn, kí ọmọ wà ní àyà ìyá lábẹ́ aṣọ, kí ó sì máa mú ọmú bí ó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni a ń gbé dé ilé ìwòsàn pẹ̀lú ara tí ó tutù ju bí ó ti wà nílé lọ, nítorí pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni wọ́n fi gbé e.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ NÍ KÍLÍNÍKÌ

1. Kí ni ìdí tí ọmọ tuntun fi ń tètè pàdánù ooru ju àgbàlagbà lọ?
2. Wákàtí mélòó ni a gbọdọ̀ dúró kí a tó wẹ ọmọ? Kí ni ìdí rẹ̀?
3. Kí ni ó burú nínú èédú tí kò rú èéfín?
4. Ibo ni ẹ tọ́jú aṣọ ọmọ yín sí? Ṣé káńfọ̀ wà níbẹ̀?
5. Bí ẹsẹ̀ ọmọ bá tutù tí ikùn rẹ̀ sì gbóná, kí ni ẹ ó ṣe?
6. Bí ìyá bá ń sinmi, ta ni nínú ilé yín tí ó lè gbé ọmọ sí àyà?

Ẹ ka ìwé yìí fún ìyá ọkọ yín, fún ọkọ yín, àti fún ẹni tí yóò wá wẹ ọmọ. Ẹni tí ó gbé àdògán wọlé lóru kì í ṣe ọ̀tá. Kò gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni. Ọyẹ́ yóò wá, ọyẹ́ yóò sì lọ. Kí ó bá ìyá àti ọmọ láyọ̀, kí ó sì fi wọ́n sílẹ̀ láyọ̀. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó sì gbọ́ ohùn ọmọ.